Mo Ti Mutí Kí N Tó Wọ Ìpàdé Náà

Oṣù keje rèé tí ọtí kò tíì kàn mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣì ń ta mí bí egbò tuntun. Aránṣọ ni mí ní Iléṣà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rọ ọtí sínú ike omi bíi tèmi, tí ẹ ń jẹ tomtom kí ẹ tó dá oníbàárà lóhùn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n láàárọ̀ títí a ó fi mu ti àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo jáde síwájú pẹpẹ, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní mutí mọ́. Mo délé, mo da gbogbo èyí tí ó kù sí gọ́tà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ni ó bá mi fi bọ̀ ọ́ nígbà tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aṣọ ẹbí ìsìnkú kan ni mo tẹ́ sórí tábìlì tí mo fẹ́ gé, mo sì rí i tí òdòdó ara aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí kòkòrò. Ìró àlùmọ́gàjí tí ó bọ́ lọ́wọ́ mi lulẹ̀ ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo lajú, ṣíbí wà láàárín eyín mi, ọ̀kan nínú eyín náà sì ti kán. Ìtọ̀ ti rin yẹ̀rì mi. Ẹnìkan ń sọ pé wárápá ni, ẹlòmíràn ń sọ pé ọwọ́ ayé ni, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ ọtí. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn rẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń wo ike omi mi tí ó ṣófo. Ó ti mọ̀ tipẹ́.

Dókítà ni ó là mí lóye pé ẹni tí ó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, bí ó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e láàárín wákàtí 48, àti pé ìrànrán tí ó lè tẹ̀lé e lè pa ènìyàn. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n sì fún mi ní abẹ́rẹ́ fítámì B1. N kò sọ pé ẹ̀jẹ́ burú o. Ọmọ ìjọ ni mí títí di òní. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ifẹ̀, Wesley Guild tí ó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Iléṣà níbí.

Nọ́ọ̀sì kan kọ àdírẹ́sì ìpàdé àwọn tí ó ń jáwọ́ nínú ọtí sórí bébà fún mi, ní Ifẹ̀. Inú mi dùn pé kì í ṣe Iléṣà, nítorí ta ni kò mọ̀ mí ní àdúgbò Ìṣọ̀kún? Mo wọ mọ́tò gba Òṣú kọjá ní Ọjọ́bọ̀, mo dé géètì, mo sì padà. Mo sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọtí fún oṣù kan, kí n má baà dójú ti ara mi níwájú wọn. Kí oṣù náà tó pé, mo ti padà sídìí ọtí. Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí mo ti ṣìnà jù lọ nìyí, ó sì burú ju gìrì lọ.

Nígbà tí mo tún lọ, mo mu ọtí inú ọ̀rá méjì ní gáréèjì kí n tó lè wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu mi, ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ẹ jókòó síbí." Wọn kò béèrè orúkọ bàbá mi, wọn kò gba owó ìwọlé, wọn kò sì fipá mú mi sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn bí irú ìpàdé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935, láàárín ọ̀mùtí méjì, Bill àti Bob. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni Bob. Oṣù karùn-ún ni ó pàdé Bill, síbẹ̀ ó tún padà mutí. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ni wọ́n sọ pé ó mu ti ìkẹyìn, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń kà sí ọjọ́ ìbí Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń jáwọ́ nínú ọtí. Ìfẹ́ láti jáwọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ darapọ̀. Wọn kò béèrè pé kí ó ti jáwọ́ ná.

Èmi náà tún mu lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo jáwọ́ lábẹ́ ìtọ́jú, ọwọ́ mi sì ti dúró.

Àwọn kan yóò sọ pé àdúrà tó. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n nínú ìjọ, mo ní láti ti mọ́ kí n tó lè jẹ́rìí. Ẹ má ṣe dúró kí ẹ mọ́ ná kí ẹ tó lọ sí ìpàdé. Bí ẹ bá sì ti mu lónìí, ẹ wọ mọ́tò èrò lọ, ẹ má fúnra yín wakọ̀, kí ẹ sì jókòó síbi tí ó bá wù yín, kódà kí ó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.