Káàdì kan péré ni mo fi rí Seoul

Sátidé tó kọjá mi ò ní kíláàsì, ọ̀gá mi ò sì pè mí sí láàbù, ni mo bá ní lónìí mo máa jáde, torí gbogbo ìgbà tí mo bá pe ilé ni wọ́n ń bi mí pé ṣé mo ti rí ààfin ọba Seoul níbí, olú ìlú South Korea, èsì mi ò sì yí padà látìgbà tí mo ti dé. Owó akẹ́kọ̀ọ́ ò tó gba takisí káàkiri, àmọ́ ẹ gbọ́, èèyàn ò nílò takisí níbí rárá! Káàdì kan wà tó ń jẹ́ T-money, ẹ máa rà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà ní gbogbo àdúgbò, ẹ kówó sí i, ẹ fi kan ẹ̀rọ lẹ́nu géètì, ó parí. 1,550 won (owó ibí) ni wọ́n ń gé fún kìlómítà 10 àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi káàdì Cowry wọ Blue Line l'Ékòó láti 2023 ti mọ bó ṣe ń lọ, kó kàn pọ̀ sí i ló kù, kó dé Ìkòròdú, kó dé Àjàh, torí níbí kò sí igun tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ò dé.

Sinchon ni mò ń gbé, lórí Line 2, èyí aláwọ̀ ewé tó ń yí ìlú po tí kò ní ìparí. Mo gbé e dé Euljiro 3-ga kí n tó pààrọ̀ sí Line 3. Pípààrọ̀ yìí ló máa ń dẹ́rù ba àlejò torí ẹ lè rìn lábẹ́ ilẹ̀ títí tó máa sú yín, àmọ́ Naver Map (òun ni kẹ́ ẹ lò, Google Maps ò mọ ọ̀nà ẹsẹ̀ níbí dáadáa) máa sọ ilẹ̀kùn tó yẹ kẹ́ ẹ wọ̀ fún yín. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí iwájú gbogbo ilẹ̀kùn dígí tó wà ní sítéṣọ̀n, 4-2, 7-3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ápù á ní kẹ́ ẹ wọ 4-2, tẹ́ ẹ bá sì bọ́ sílẹ̀, àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ ń wá ló máa wà níwájú yín gan-an. Ẹni tó ro irú èyí ro ti ọmọ aráyé.

Inú Line 3 kún fún àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí wọ́n wọ bàtà òkè, báàgì lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń lọ gun òkè láàárọ̀ Sátidé, torí àgbàlagbà ìlú tó bá ti pé 65 kì í sanwó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ìjókòó àgbà wà ní ìpẹ̀kun kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ì báà fún mọ́ra báwo, mi ò tíì rí ọ̀dọ́ tó jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ibẹ̀ ti kún, ìyá kan wá dúró níwájú mi, mo dìde fún wọn, wọ́n jókòó, ni wọ́n bá na ọwọ́ gba báàgì mi, wọ́n gbé e lé itan tiwọn títí mo fi bọ́ sílẹ̀. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, àmọ́ orí ni wọ́n máa ń tẹ̀ níbí, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Sítéṣọ̀n Gyeongbokgung, ẹnu ọ̀nà 5, inú ààfin lẹ máa já sí. 3,000 won ni ìwọlé, ẹni tó bá wọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, kì í san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n owó tẹ́ ẹ máa fi yá aṣọ ju ìyẹn lọ, èmi wọ àdìrẹ mi mo san tèmi. Ọdún 1395 ni wọ́n kọ́ ààfin yìí. Ó jóná ní 1592 nígbà tí àwọn ará Japan gbógun wá, ó wà bẹ́ẹ̀ ní ahoro títí wọ́n fi tún un kọ́ ní 1867. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Japan wá ń ṣàkóso wọn, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìjọba tiwọn síwájú ààfin ọba! Ọdún 1995 ni àwọn ará Korea bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé yẹn, iṣẹ́ àtúnkọ́ ààfin ò sì tíì parí dòní. Mo dúró nínú àgbàlá yẹn pẹ́. Inú mi dùn sí wọn pé wọn ò jẹ́ kí ó lọ.

Ẹ má lọ ní Tuesday o, wọ́n máa ń tì í.

Látibẹ̀ mo rìn gba iwájú ère Ọba Sejong, ẹni tó gbé álífábẹ́ẹ̀tì wọn jáde ní 1446 kí mẹ̀kúnnù lè kàwé, mo dé etí odò Cheonggyecheon tí wọ́n wú afárá mọ́tò kúrò lórí ẹ̀ tí omi ẹ̀ tún fi ń ṣàn láàárín ìlú láti 2005, lẹ́yìn náà mo wọ Line 1 ní Jonggak. Ibẹ̀ wà lára ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Seoul, 15 oṣù kẹjọ 1974 ni wọ́n ṣí i.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Jongno 5-ga nítorí oúnjẹ. Ọjà Gwangjang! Láti 1905 ni ọjà yẹn ti wà. Àwọn ìyá tó ń ta bindaetteok ń lọ ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé nínú ọlọ òkúta lójú yín, wọ́n ń dà á sínú òróró gbígbóná, ariwo ẹ̀, òórùn ẹ̀, àkàrà ni o, àkàrà pẹrẹsẹ, wọ́n á wá fún yín ní àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ sínú ọbẹ̀ sóyà kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó béèrè o, torí wọ́n máa ń pò ó mọ́ ọn nígbà míì. Bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé ní iná lábẹ́ tó ń mú un gbóná, òtútù sì ti bẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ dìde mọ́.

Ní Dongmyo mo pààrọ̀ sí Line 6, ó di Itaewon. Mo fẹ́ ra gààrí àti ata ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa tó wà lápá ibẹ̀, nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá orí òkè tí wọ́n ṣí ní 1976. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà 1 ni mo kọ́kọ́ gbà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tóóró tí èrò ti fún ara wọn pa ní 29 oṣù kẹwàá 2022. Èèyàn 159 ló bá a lọ, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi. Mo gbàdúrà fún wọn, mo gbàdúrà fún àwọn òbí wọn, kí n tó lọ ra nǹkan tí mo fẹ́ rà.

Nígbà tí mo ń padà sílé, Line 6 gbé mi dé Hapjeong, ó ku díẹ̀ kí n délé, àmọ́ mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ Line 2 lọ sí òdìkejì, torí láàárín Hapjeong àti Dangsan ọkọ̀ yẹn máa ń jáde látabẹ́ ilẹ̀, ó máa gba orí Odò Han kọjá. Oòrùn ń wọ̀, ẹ máa rí òrùlé roboto ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn lókèèrè. Gbogbo ìyẹn nínú owó ọkọ̀ kan náà!

Suwon ló kàn, láti lọ wo odi ìlú Hwaseong tí wọ́n mọ láàárín 1794 sí 1796, Line 1 ló dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta ti ní àwọn máa bá mi lọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ la ṣì ń fà lọ́wọ́: ẹ̀gbọ́n fẹ́ adìẹ díndín, èmi fẹ́ egungun ìhà màlúù tí wọ́n yan lórí èédú, torí òun ni wọ́n fi mọ Suwon.