Ta Ló Ń Pa Iná?

Bí ọmọ mi bá ti ilé ìwé dé, ní Lübeck tí à ń gbé ní Jámánì, SpongeBob, eré àwòrán àwọn ọmọdé, ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó bọ́ bàtà. Apá kan wà nínú eré náà, “Graveyard Shift”, tó jáde ní 2002. SpongeBob àti Squidward ń ṣiṣẹ́ òru, iná ń kú, ó ń tàn, ẹ̀rù bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n máa wẹ̀yìn wò, ọkùnrin apárí kan ló dúró ti ara ògiri tó ń pa á, tó ń tan án. Àwòrán dúdú òun funfun ni, láàárín eré aláwọ̀ mèremère. Wọ́n pariwo, “Nosferatu!” Apárí náà rẹ́rìn-ín, ó parí.

“Mọ́mì, ta nìyẹn?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó sì dùn mí, torí mo ti bá a wo eré yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìyá arúgbó ará Jámánì tó kọjú sí ilẹ̀kùn wa ló là wá lójú. Fíìmù tí kò lóhùn ni Nosferatu, F. W. Murnau ló ṣe é ní 1922, nípa òkú tó ń jáde lóru wá mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ilé tí òkú náà rà nínú fíìmù? Àwọn ilé tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí láyé àtijọ́ ni, létí odò Trave, ní Lübeck wa níbí! Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́jọ́ kejì a lọ, ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ kan bíríkì pupa yẹn, kò sọ̀rọ̀ rárá.

Ní Kérésì a lọ sí Iléṣà. Ó gbé fóònù síwájú ìyá mi, ó ń túmọ̀ fún un. Bí apárí yẹn ṣe yọjú báyìí, wọ́n mú iná lọ.

“Nosferatu!”

Ìyá mi dì í mú nínú òkùnkùn. “Àbẹ̀kẹ́, ṣé abẹ́ òkun ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé.”

“Ọmọ Obòkun ni ìwọ náà o.” Ó wá sọ ọ́ fún un: bí ojú Odùduwà ṣe fọ́ ní Ifẹ̀, tí wọ́n ní omi òkun ló máa là á, tí Ajíbógun fi ẹsẹ̀ rìn dé òkun, tó bu omi náà wálé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki Ọwá ní Obòkun.

“Kí ló fi bù ú, Yèyé?”

Ìyá mi tan tọ́ọ̀ṣì, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé akèrègbè kan jáde.