Téèpù dúdú ò lè gbà yín lọ́wọ́ òjò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wáyà tẹlifóònù, ẹ gbọ́ o, téèpù tẹ́ ẹ gbójú lé yẹn kì í lé omi, ṣe ló ń há omi mọ́nú.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ dá gbà, hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn ni, mo ń fa wáyà intakọ́ọ̀mù lọ sọ́dọ̀ mégáàdì, wáyà ò tó, mo bá so ó pọ̀ lára fẹ́ǹsì níta, mo lọ́ kópà mọ́ra wọn, mo wé téèpù mọ́ ọn títí ó fi ki bí àtàǹpàkò, inú mi ń dùn. Òjò oṣù kẹfà dé, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣàà ṣàà bí ẹni ń dín àkàrà. Tílẹ̀ bá ti gbẹ ó tún dáa, mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo wá tú téèpù yẹn, omi ló ń kán sílẹ̀, kópà kan ti di àwọ̀ ewé, ó já sí mi lọ́wọ́.

Ohun tó fà á ni pé iná DC (irú iná tó ń ti inú bátìrì jáde) bíi fóólítì 48 ló wà lórí laini tẹlifóònù tọ̀sán-tòru, kódà tẹ́nì kankan ò bá pe ẹnì kankan. Tómi bá ti dé àárín wáyà méjèèjì, kópà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù ló sì máa ń jẹ jù. (Tí fóònù bá ń dún, ó lè tó fóólítì 90. Ó ti ta mí rí lórí àkàbà, n ò ní purọ́.)

Kọnẹ́ktọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀, tó ní jẹ́ẹ̀lì tó ń dí omi lọ́nà nínú, ni kẹ́ ẹ rà, UY fún wáyà méjì, UR fún mẹ́ta. Ẹ má bó wáyà o! Ẹ tì í wọlé títí tẹ́ ẹ fi máa rí orí ẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi pláyà tẹ kọnẹ́ktọ̀ náà dáadáa. Sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bíi fínígà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn onígíláàsì, ásíìdì inú ẹ̀ ń jẹ kópà.

Omi tún máa ń gun orí wáyà rìn wọlé ni, torí náà ẹ jẹ́ kí wáyà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè gba ìdí bọ́kìsì tẹ́ ẹ ti so wáyà pọ̀ wọlé, kómi lè kán síbẹ̀. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdí ẹ̀, àmọ́ kó má tóbi o, mo ti bá ẹyin ọmọńlé nínú bọ́kìsì kan rí.

Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, mo padà lọ tún un ṣe láì gba kọ́bọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ò dá mi lóhùn, mégáàdì ló fún mi lómi mu.