Kípà tí ò tíì gbó

Alẹ́ Sátidé. Mo ti dé láti ibi iṣẹ́ láti bí aago mẹ́wàá, oorun ò wá, ni mo bá tún lọ wo góòlù họ́kì orí yìnyín tí Patrick Kane gbá fún Chicago yẹn. June 2010, géèmù kẹfà nínú àṣekágbá Stanley Cup, kọ́ọ̀bù họ́kì tó ga jù, Philadelphia níbí, wọ́n ti wọ àfikún àsìkò. Ẹ̀gbẹ́ tí àyè ò sí rárá ló ti gbá rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù, ó gba abẹ́ Leighton, kípà Flyers, tíìmù Philadelphia wa, kọjá, iná góòlù ò tàn, Kane nìkan ló ti ń sáré lọ tó ń yọ̀. Chicago gba kọ́ọ̀bù.

Mi ò tíì dé Amẹ́ríkà nígbà yẹn o, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, àmọ́ ó ti wá ń dùn mí bíi pé ó ṣojú mi.

Paul Holmgren ni mo máa ń rò, òun ni máníjà àgbà Flyers nígbà yẹn. Ìgbà tí kípà Bernie Parent ń ṣọ́lé, 1974 àti 1975, ni Flyers gba kọ́ọ̀bù gbẹ̀yìn. Leighton fúnra ẹ̀, December 2009 ni wọ́n mú un lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí Carolina ò nílò ẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 2011, kípà mẹ́ta ni wọ́n lò nínú playoff, ìdíje ìparí sáà, kan ṣoṣo, wọ́n á fi eléyìí síbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, òmíràn á wọlé, wọ́n á yọ òun náà. Báwo ni máníjà ṣe fẹ́ rí oorun sùn?

Bó ṣe ná gbogbo ohun tó ní nìyẹn. June 23, 2011, ó jọ̀wọ́ Mike Richards àti Jeff Carter, méjì lára àwọn tó ń gbá fún wa, lọ́jọ́ kan náà, ó sì fún kípà kan, Ilya Bryzgalov, tó pé ọdún 31 lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́sàn-án, mílíọ̀nù 51 dọ́là. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Richards àti Carter gba kọ́ọ̀bù pọ̀ ní Los Angeles. Ní tiwa, lọ́jọ́ tí New Jersey lé wa jáde, Bryzgalov fẹ́ gbá rọ́bà kúrò níwájú ilé, ó lọ bá Clarkson, ọ̀kan lára àwọn New Jersey, lára, ó sì padà wọlé wa.

Sergei Bobrovsky sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, kípà ọmọ Rọ́ṣíà tí tíìmù kankan ò mú nínú draft, ètò táwọn tíìmù fi ń yan àwọn ọ̀dọ́. June 2012 ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Columbus, àyè draft mẹ́ta ni wọ́n gbà dípò ẹ̀. 2013 ló gba Vezina, àmì ẹ̀yẹ kípà tó dáa jù, oṣù yẹn gan-an ni Flyers sì sanwó fún Bryzgalov kó máa lọ, mílíọ̀nù 23 dọ́là tí wọ́n pín sí ọdún 14.

Àwọn èèyàn á ní ohun tó ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Mi ò gbà. Èyí tó wà lápò yẹn ò tíì gbó, ìdá 89.9 nínú ọgọ́rùn-ún rọ́bà tí wọ́n gbá sí i ni Bobrovsky mú ní sáà tó lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ò tó rárá fún kípà. Ojú wo ni Holmgren fẹ́ fi rí Vezina níbẹ̀? Ẹ̀bi tí mo rí ni ti ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ẹ̀rù ló fọwọ́ sí i, torí ẹni tí kípà mẹ́ta ti já kulẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín oṣù kan á fẹ́ ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ń ta ìyẹn.

Bobrovsky gbé kọ́ọ̀bù ní Florida ní 2024, ó tún gbé e ní 2025. Owó Bryzgalov ṣì wà nínú ìwé Flyers lọ́dún méjèèjì.

Mo tún wo ti Kane yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó pa iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn inú pápá ò tíì mọ̀ pé ó ti wọlé.