Ẹ Má Kó Gbogbo Owó Yín Lé Ìbọn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Ríra .22 Owó Pọ́ọ́kú

Iye yòówù tí ẹ bá ní láti fi bẹ̀rẹ̀ ìbọn yíyìn, ẹ pín in sí méjì. Ìdajì ni kí ẹ fi ra ìbọn. Ìdajì tó kù, ọta ló ni ín, awò orí ìbọn ló ni ín, ohun ìdètí àti àpótí onírin tí ẹ máa tì í mọ́ ló ni ín. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé wa níbí ní Houston nìyẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?" Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Orúkọ ìbọn ni wọ́n fẹ́ kí n dá, kí wọ́n lè lọ kó owó lé e.

Ìbọn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti ọdẹ, kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbé sílé nítorí olè. .22 LR (Long Rifle) ni, ìbọn kékeré tí a fi ń yin bébà àti agolo lọ́jọ́ Sátidé, tí kì í tini léjìká. Ọta rẹ̀ ti wà láti 1887, nígbà tí ilé iṣẹ́ Stevens ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, òun náà sì ni wọ́n ṣì ń yìn ní ìdíje ìbọn 50 mítà ní Olympics. Ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù inú rẹ̀ kò sí láàárín ìdí ọta bíi ti àwọn ọta ńlá. Inú etí ìdí rẹ̀ ló wà yíká, etí yẹn náà sì ni irin inú ìbọn ń gbá. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti ṣe, kó sì pọ́ọ́kú. Ìyẹn náà ló fà á tí ẹ fi máa ń rí ọta tí kò dún nínú páálí olówó kékeré: bí ohun ìtanná yẹn kò bá yí etí náà ká dọ́gba, irin lè lọ gbá ibi tí kò sí nǹkan kan. Tí ẹ bá fa tírígà tí kò dún, ẹ má sáré ṣí i o. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn dojú kọ ibi tí ẹ ń yìn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, torí ó lè jẹ́ pé iná ló ń pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí tàbí tó ní green card lè ra ìbọn. Ẹni tó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, físà iṣẹ́ bíi H-1B, tàbí físà àlejò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá bọ́ sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nba àyè tí òfin yọ sílẹ̀, bíi kó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tí ìpínlẹ̀ fún un, tí ọjọ́ ìwé náà kò sì tíì kọjá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tó ní ìwé bá yín rà á lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù 4473, wọ́n á sì bi FBI léèrè nípa yín kí wọ́n tó gbé ìbọn lé yín lọ́wọ́. Ẹni ọdún 18 ni òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí oníṣòwò ta ìbọn gígùn fún, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan bi mí rí bóyá òun lè fi ọ̀kan sínú àgbá ẹrù tí òun ń fi ránṣẹ́ sí bàbá òun tó jẹ́ ọdẹ nílé. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi ìrẹsì sí i. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá ṣeré.

Nísinsìnyí, kí ló dé tó jẹ́ bolt-action? Ìyẹn ni èyí tí a ń fọwọ́ gbé irin rẹ̀ sókè, fà sẹ́yìn kí èèpo ọta tí a ti yìn já bọ́, tì síwájú kí ọta mìíràn wọlé, kí a tó tún yìn. Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò fẹ́ rí i sójú. Ó ní ìbọn àwọn bàbá àgbà ni. Ó ra èyí tó ń kì ara rẹ̀, tó jẹ́ pé kí ẹ ṣáà ti máa fa tírígà. Ìbọn tó dára ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé kan, ó ti yin páálí ọta ńlá kan tán kí n tó yin ìdajì tèmi, bébà rẹ̀ sì dà bí ibi tí adìyẹ tú ká. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nílò ohun tó máa dá a dúró díẹ̀ láàárín ọta kan sí èkejì, kó mí, kó wo ibi tí ti àkọ́kọ́ bà, kó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Èyí tó ń kì ara rẹ̀ tún máa ń ṣàkójọ èérí, ó sì máa ń kọ ọta tí agbára rẹ̀ bá kéré, torí agbára ọta náà ló fi ń kì ara rẹ̀. Afọwọ́fà kò mọ ìyẹn. Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ .22 LR, ó yá a: èyí tó rọra ń lọ, èyí tó ń sáré, èyí tí ariwo rẹ̀ kò ju ìpàtẹ́wọ́ lọ.

Mẹ́ta ni mo máa ń dárúkọ. Savage Mark II, tí wọ́n ń ṣe ní Lakefield ní Kánádà, ló sábà máa ń kéré jù lówó nínú wọn. Lọ́dọ̀ wa, èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ oníike kì í jìnnà sí 300 dọ́là. Ruger American Rimfire tẹ̀ lé e, ó sì máa ń fi bí ọgọ́rùn-ún dọ́là jù ú lọ. CZ 457, tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Czech, ni àwọn tó ti yìnbọn pẹ́ ń yìn, ìdí onígi rẹ̀ sì rẹwà, àmọ́ tí ẹ bá rà á tán, awò ńkọ́? Ọta ńkọ́? Tó bá jẹ́ 600 dọ́là lẹ ní látòkèdélẹ̀, ẹ fi CZ sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ní i máa bínú sí mi.

Láàárín méjì àkọ́kọ́, tírígà ni kí ẹ wò. Ti Savage ni wọ́n ń pè ní AccuTrigger. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ tó yọ síta. Ìka yín máa kọ́kọ́ tẹ irin yẹn wọlé, kò wúwo rárá, yóò sì dúró. Ẹ ó wá fi agbára díẹ̀ kún un, láìmọ ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀, pẹ́kẹ́, ó ti já. Kò sí wíwọ́, kò sí gbígbọ̀n. Ti Ruger náà ní irú irin pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, a sì lè mú méjèèjì wúwo tàbí kí a dín wọn kù. Ti Savage lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi pọ́ùn méjì ààbọ̀, ti Ruger dé mẹ́ta. Tírígà tó bá wúwo, tó ń wọ́ gbuurugbu, ìka yín ló máa fà kúrò lójú ọ̀nà kí ọta tó jáde. Kò sí awò tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà kí ẹ tó fà á lófìfo, torí àwọn ìbọn .22 kan wà tí irin wọn lè gbá etí ihò ọta kó sì bà á jẹ́ tí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn ará ibí ní ọgbọ́n kan fún ìyẹn: wọ́n máa ń fi oníike kékeré aláwọ̀ ìyeyè, tí káfíńtà ń kàn sínú ògiri kó tó yí ìṣó wọ inú rẹ̀, sí ipò ọta tí wọ́n bá fẹ́ fi tírígà kọ́ra nílé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ń bá a mu gẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn tírígà, bó ṣe bá ara yín mu. Ẹ fi ìdí ìbọn sí kòtò ìgúnpá yín, kí ẹ wò ó bóyá ìka yín dé tírígà láìnà án. Tí kò bá dé, ó gùn jù fún yín. Ẹ gbé e sí èjìká, ẹ di ojú, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bó ṣe wù yín, kí ẹ wá lajú. Bí ẹ bá ní láti gbé orí sókè kí ẹ tó rí inú awò, ìdí ìbọn yẹn rẹlẹ̀ jù. Níbí ni mo ti fi Ruger ṣáájú fún ilé tí ìyàwó tàbí ọmọ náà máa yìn ín, torí apá kan ìdí rẹ̀ ṣeé yọ, kí a fi èyí tó ga jù tàbí tó kúrú jù sí i. Ilé tí à ń to ọta rẹ̀ sí jẹ́ ti Ruger 10/22, ìbọn .22 wọn kan tó ń kì ara rẹ̀, tó ti wà lọ́jà láti 1964, kò sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí ẹ máa dé tí ẹ ò ní rí i rà. Fún ẹnìkan ṣoṣo tó fẹ́ ṣọ́ owó, Savage ni màá mú.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín ra ìbọn .17 HMR tàbí .22 Magnum, tí ọta wọn yàtọ̀ sí .22 LR, pé wọ́n ń lọ jìnnà jù. Òótọ́ ni, wọ́n ń lọ jìnnà. Owó ọta wọn náà sì ń lọ jìnnà.

Ọ̀rọ̀ ọta ló wà lọ́kàn mi jù. Ìbọn .22 máa ń yan oúnjẹ. Ọta kan lè tò sójú kan nínú ìbọn tèmi, kó wá fọ́n ká nínú ti ẹlòmíràn tó jẹ́ irú kan náà, tí wọ́n sì jọ jáde láti ilé iṣẹ́ kan. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ìbọn, ẹ má ra páálí ńlá kankan. Ẹ ra oríṣiríṣi, àádọ́ta àádọ́ta: CCI Standard Velocity, CCI Mini-Mag, Federal, Aguila, àti ọ̀kan tó wọ́n díẹ̀ bíi SK tàbí Eley. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn ní 50 yáàdì, kí ẹ yin márùn-ún márùn-ún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí bébà ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ọta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lára ọta tuntun, ẹ má kà á, torí ìyókù epo ọta àtijọ́ ṣì wà nínú irin. Tí ẹ bá ti rí èyí tó wù ú, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, kí ẹ lọ ra púpọ̀ tó ní nọ́ńbà kan náà. Ó lè yà yín lẹ́nu pé èyí tó wọ́n jù kọ́ ló máa ń borí. Ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ pé èyí tó rọra ń lọ ni, tó ń jáde ní bí ẹsẹ̀ bàtà 1,070 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ohùn ń rìn ní bí 1,125. Ọta tó bá jáde pẹ̀lú eré tó ju ìyẹn lọ máa ní láti padà sísàlẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ó ti máa ń mì. Èyí tí kò dé ibẹ̀ rí kò ní ìyọnu yẹn.

Àmọ́ ọta .22 kì í lọ gbọọrọ. Tí ẹ bá ti tún awò ṣe kí ọta máa ba ojú ibi tí ẹ ń wò ní 50 yáàdì, ní 100 yáàdì ó ti já wálẹ̀ ní bí ínṣì 6 tàbí 7, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ sì lè tì í ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀ ní pápá ìyìnbọn tó wà ní gbangba níta ìlú yìí, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í sinmi.

Awò: kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún .22. Èyí tó jẹ́ ti ìbọn ńlá, 100 yáàdì ni wọ́n sábà máa ń tò ó sí. Tí ẹ bá fi wo 50 yáàdì, bí ojú yín bá yẹ̀ díẹ̀, àgbélébùú inú rẹ̀ náà á yẹ̀ lórí bébà. Èyí tí wọ́n ṣe fún .22 máa ń wà ní 50. Èyí tó ń fa nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po 3 sí 9 ti tó. Tí ẹ bá ń yí ọwọ́ rẹ̀, tó ń dún kẹ́, kẹ́, ẹ rántí pé nínú ọ̀pọ̀ awò, kẹ́ mẹ́rin ló ń gbé ọta ní ínṣì kan ní 100 yáàdì, torí náà kẹ́ mẹ́jọ ni ní 50. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń yí mẹ́rin, wọ́n á ní awò ti bàjẹ́.

Òjé ni orí ọta .22. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan súyà tí ẹ gbé wá. Páálí ọta fúnra rẹ̀ sábà máa ń kìlọ̀ pé ó lè lọ dé máìlì kan ààbọ̀, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn agolo yín. Tí ọmọ bá wà nílé, Texas ní òfin tó mú ẹni tó bá fi ìbọn tó ṣeé yìn síbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lè dé. Àpótí onírin, ọta lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́dọ̀ yín.

Àlòkù kò burú. Ẹ ní kí wọ́n yọ bolt rẹ̀, kí ẹ fi iná fóònù tàn án láti ìdí, kí ẹ wo ihò náà já. Tó bá ń dán, tí ìlà inú rẹ̀ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ẹnu, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti là á mọ́ nǹkan. Ẹ wo etí ihò ọta pẹ̀lú èékánná, bóyá irin ti gbá ibẹ̀ jìn. Tí ìyẹn bá mọ́, ẹ má wo ìdí rẹ̀ tó ti họ. Ìdí tó họ ni ẹ máa fi ná an.