Òjé inú ẹrẹ̀ Kongsfjorden

Ọjọ́rú. Mi ò fi àtíkè kan ojú lónìí, nítorí yàrá tó mọ́ tónítóní, tí eruku ò gbọ́dọ̀ wọ̀, ni mo ti máa lo ọjọ́ ní láàbù. Síǹkì wà nínú àtíkè, ó wà nínú ìpara tó ń dènà oòrùn, ó tún lè wà nínú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bá da ẹbu sí nínú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye síǹkì tó wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, àfi kó kọ́kọ́ fi ti ara ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Yẹtí, òrùka, aago ọwọ́, gbogbo ẹ̀ wà nínú àpótí níta. Àbúrò mi rí fọ́tò mi nínú aṣọ funfun tó bò mí látorí dé ẹsẹ̀, ó ní ta ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Kongsfjorden ni ẹrẹ̀ yìí ti wá, apá òkun kan tó ya wọ inú ilẹ̀ ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà lókè pátápátá ní àríwá ayé. Láti apá ìparí oṣù kẹwàá títí di nǹkan bí àárín oṣù kejì, oòrùn kì í yọ níbẹ̀. Ìletò tó wà létí omi náà ń jẹ́ Ny-Ålesund. Èédú ni wọ́n ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, ihò kùsà bú gbàmù, èèyàn 21 ló bá a lọ, ohun tó sì pa iṣẹ́ èédú níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló gba ibẹ̀ báyìí. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti ní ilé ìwádìí tiwọn níbẹ̀ látọdún 1991.

Tí mo bá ti dárúkọ èédú báyìí, tí mo sì ní mò ń wá òjé àti bàbà, kíá ni wọ́n á ti sọ pé, "Àwọn awakùsà yẹn ló bà á jẹ́!" Wọ́n á ti dájọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi ò tíì dá ẹjọ́ kankan, nítorí òjé lè pọ̀ nínú ẹrẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da òjé sí i.

Ẹ wo bí ẹrẹ̀ ọ̀hún ṣe ń débẹ̀. Kronebreen àti Kongsvegen jẹ́ òkìtì yìnyín ràbàtà tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sínú òkun, wọ́n sì ń lọ òkúta abẹ́ wọn bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Omi tó bá yọ́ lábẹ́ wọn ló ń gbé ẹbu náà jáde. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná díẹ̀, omi iwájú Kronebreen máa ń pọ́n, nítorí òkúta yanrìn pupa tó wà lápá ibẹ̀. Irin ló sì fún un ní àwọ̀ yẹn. Kò séèyàn tó da irin sí i. Níbi tí ẹbu bá ti kúnná, onírúurú irin, títí kan òjé àti bàbà, á pọ̀ níbẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ yanrìn lásán, wọn ò ní tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn alumíníọ̀mù mọ́ gbogbo ẹ̀. Ó pọ̀ nínú amọ̀, ohun tí ọmọ aráyé sì ń fi kún un kéré sí ohun tí òkúta ti gbé wá. Tí òjé bá gòkè, tí alumíníọ̀mù náà sì bá a gòkè, amọ̀ ló pọ̀ sí i, ó tán níbẹ̀.

Mángáníìsì, irin mìíràn tó wà nínú ẹrẹ̀, ló lè tan èèyàn jù. Ọ̀pá ẹrẹ̀, ìyẹn ẹrẹ̀ tí wọ́n fi páìpù gún jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, tí mo fi ọ̀bẹ séràmíìkì gé láàárọ̀ yìí, ojú ẹ̀ lókè rí bí àwọ̀ ilẹ̀, ó sì rọ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó sì le. Níbi tí ọ́síjìn bá wà, mángáníìsì á dì, á jókòó. Bí ẹrẹ̀ tuntun bá ti bò ó, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí sì ti lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán, á yòrò, á rọra gba inú omi àárín ẹrẹ̀ gòkè, á tún dì sójú. Kóbáltì, tí òun náà jẹ́ irin, máa ń bá a rin ìrìn náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tó kàn rí i pé òkè ló pọ̀ sí jù, á ní àwọn ará òde òní ló dà á síbẹ̀.

Lọ́sàn-án la kojú ásíìdì. Hydrofluoric la fi ń yọ́ òkúta, ó sì ń jẹ gíláàsì, nítorí náà Teflon ni gbogbo ike wa. Èyí tí wọ́n bá ti bomi là kì í tètè ta èèyàn lára, ó lè ti wọlé jìnnà kó o tó mọ̀. Gẹ́ẹ̀lì kálísíọ̀mù, oògùn tí wọ́n ń fi ra ibi tó bá ta sí, kì í jìnnà sọ́wọ́ wa. Láàárín àwọn ike náà, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi ẹrẹ̀ sí i rárá, ásíìdì nìkan ló wà níbẹ̀, kí n lè mọ ohun tí àwa fúnra wa dá kún un. Mo tún fi MESS-4 sí òmíràn, ẹrẹ̀ tí àjọ ìwádìí ìjọba Kánádà ti wọ̀n tí wọ́n sì kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Tí tiwa ò bá bá tiwọn mu, a ò ní gba èyíkéyìí gbọ́ nínú ti ọjọ́ náà.

Màámi pè nírọ̀lẹ́. "Ẹrẹ̀ yẹn náà lo ṣì ń fọwọ́ pò?"

"Òun náà ni, mà."

"Ta wá ló gbé òjé lọ síbi tí kò séèyàn?"

Mo sọ fún wọn pé atẹ́gùn ni. Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù tẹ́lẹ̀ máa ń bá èéfín mọ́tò jáde, á sì fò lọ jìnnà. Lọ́dún 1969, Clair Patterson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi yìnyín Greenland hàn pé òjé ibẹ̀ ti lọ sókè gan-an. Àlùjíríà ló dá òjé inú bẹntiróòlù mọ́tò dúró kẹ́yìn, lọ́dún 2021.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń wọ̀n ọ́n, ṣé òjé máa ń ní àmì ilé ni?"

Ó ní in. Òjé 206 àti òjé 207 jẹ́ oríṣi òjé méjì tí ìwúwo wọn yàtọ̀ díẹ̀, ìpín wọn kì í sì í dọ́gba láti ibi kan sí ibòmíràn. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n lò sínú bẹntiróòlù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá láti ibi ìwakùsà Broken Hill ní Ọsirélíà, ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣirò 206 lórí 207 ẹ̀ wà ní nǹkan bí 1.06. Ti òkúta lásán sábà máa ń sún mọ́ 1.20. Tí ìṣirò yìí bá kéré nínú ẹrẹ̀ àárín ọ̀rúndún tó kọjá ju ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, tó jẹ́ ẹrẹ̀ àtijọ́, mọ́tò la máa kọ́kọ́ bi léèrè. Èédú Svalbard la óò wọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn awakùsà náà lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Èrò pọ̀ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjé náà títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀.