Africatown: Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fi Òógùn Ojú Rà

Afárá gíga kan ló gbé mi sọdá odò Mobile wọ Africatown, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àgbá epo ńláńlá ló tò sí bèbè odò. Nígbà tí wọ́n ń la títì tó gun afárá yìí, àárín ìlú gan-an ni wọ́n gbé e gbà. Ṣọ́ọ̀bù àti ilé àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n wó fún un.

Ọdún 1860 ni ọkọ̀ ẹrú Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti ilẹ̀ Áfíríkà dé síbí. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, ṣùgbọ́n Timothy Meaher, olówó ìlú Mobile, ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó wọn wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa mú òun. Òru ni wọ́n gbé wọn gba odò wọlé. William Foster, ọ̀gá ọkọ̀, dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má baà sí. Kò sí èyí tó fẹ̀wọ̀n jura nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó wá ló ń sọ Yorùbá. Kossola, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Cudjo Lewis, wá láti agbègbè Bante, ní Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey ló ya wọ ìlú wọn, tí wọ́n kó wọn lọ tà ní Wídà, létí òkun. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló kọ́kọ́ dè wọ́n lókùn.

Nínú Heritage House, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Africatown lọ́dún 2023, wọ́n rẹ díẹ̀ nínú pákó ọkọ̀ náà sínú àpótí omi kó má baà bàjẹ́. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí òkú ọkọ̀ yìí nínú ẹrẹ̀ odò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sún ojú mọ́ ọn. Pákó náà dúdú, etí rẹ̀ ti jẹ. Orí irú pákó yìí ni wọ́n tò wọ́n lé lójú agbami. Mi ò lè tètè kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, àmọ́ owó ọkọ̀ kò sí. Ni Kossola bá lọ bá Meaher, ó ní kó fún àwọn nílẹ̀ díẹ̀, torí òun ló já àwọn gbà kúrò lórí ilẹ̀ bàbá àwọn. Meaher kọ̀ jálẹ̀. Ọkùnrin ń lagi, obìnrin ń kiri ẹ̀fọ́, wọ́n ń tu owó jọ, wọ́n sì ra ilẹ̀ tó di Africatown lọ́wọ́ Meaher kan náà! Ẹni tó jí ọ gbé tún ń ka owó rẹ.

Mo bi màmá àgbà kan tó ń mú wa káàkiri pé, “Ìyá, ìdílé Meaher ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Wọ́n ṣì nílẹ̀ níbí. Páàkì ìjọba kan ń jẹ́ orúkọ wọn.”

Lọ́dún 2022, àwọn kan nínú ìdílé náà jáde sọ pé ohun tí baba ńlá àwọn ṣe burú jáì. Ó dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù. Ìyà mìíràn tún wà: ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bébà dó ti ìlú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kógbá sílé lọ́dún 2000, àwọn ará ìlú sì ń sọ pé èéfín rẹ̀ ló kó jẹjẹrẹ bá wọn. Wọ́n pẹjọ́.

Ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni Àbákẹ́, tí wọ́n sọ di Matilda McCrear. Àbákẹ́ ni oríkì ìyá mi àgbà náà. Ọmọ bí ọdún méjì ni nínú ọkọ̀ náà. Lọ́dún 1931, arúgbó rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sí kóòtù ní ìlú Selma, ní Alabama kan náà, ó ní kí wọ́n san owó ohun tí wọ́n fi ojú òun rí. Wọ́n dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ó kú lọ́dún 1940. Nígbà tí ìwádìí nípa rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣì wà láyé.